Láti Jẹnẹrétọ̀ Ẹgbin dé Ìpìlẹ̀ Ohun Gbogbo

Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà ní ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, létí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́, ní agbègbè Ìkòròdú. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ dójú àmì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á pèsè 220 mégáwáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 1,320. Láti nǹkan bí ọdún 1985 sí 1986 ni wọ́n ti ń bá iṣẹ́ bọ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi títí yóò fi di oru. Oru yìí á fipá yí tọ́báìnì, tọ́báìnì á sì máa yí òòfà ńlá kan tó wà ní àárín gbùngbùn jẹnẹrétọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà bàbà ni wọ́n tò yí òòfà náà ká. Inú wáyà yìí ni iná ti ń jáde, kí wọ́n tó gbé e sórí àwọn wáyà gíga 330,000 fólítì tó gba orí igbó àti orí ilé kọjá lọ sí ìgboro Èkó.

Òòfà yẹn kò kan wáyà. Àlàfo wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí ṣéènì, kò sí eyín irin tó so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ agbára tó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlú ńlá ń gba inú àlàfo náà kọjá níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Kí ló gbé e kọjá?

Ohun tó gbé e kọjá ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní pápá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ tọ ipa pápá náà láti Ẹgbin títí dé ibi tí ìmọ̀ ẹ̀dá dé lónìí, níbi tó ti hàn pé iṣẹ́ pápá ju gbígbé iná lọ. Òun gan-an ni wọ́n fi dá iná, bàbà, omi ọ̀sà àti ẹran ara ọmọ ènìyàn. Tíọ́rì pápá kúọ́ńtọ̀mù ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí kò ka físíìsì kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama ni a kọ ọ́ fún, àti ẹni tí kò kà á rárá.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ló kọ́kọ́ fura sí i. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1791 ni wọ́n sì bí i sí agbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Àìrówó àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́ nílé ìwé. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ dídi ìwé, ó sì ń ka àwọn ìwé tí àwọn oníbàárà ń kó wá fún ọ̀gá rẹ̀. Kò mọ ìṣirò gíga títí tó fi kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ó da lẹ́búlẹ́bú irin sórí bébà, ó gbé òòfà sábẹ́ rẹ̀, ó sì rí bí lẹ́búlẹ́bú náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn láti orí kan òòfà dé orí kejì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé ńṣe ni agbára òòfà ń fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, tí àárín sì ṣófo. Faraday kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àárín náà kò ṣófo rárá, pé nǹkan kan wà níbẹ̀, nǹkan náà ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1831, ó fi hàn pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná á sáré nínú wáyà náà. Ohun tó rí lọ́dún yẹn ni wọ́n ń ṣe ní Ẹgbin títí dòní.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́ńpáàsì lè dán pápá wò fúnra rẹ̀. Kó gbé e sí èbúté Ìjẹ̀dẹ́, kó gbé e lọ sí ọjà Ìmọ̀tà, kó gbé e wọ yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa: ibi gbogbo ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti máa kọjú síbì kan. Níbikíbi tí ènìyàn bá nawọ́ sí nínú afẹ́fẹ́, pápá òòfà ilẹ̀ ayé wà níbẹ̀, ó ní bó ṣe le tó, ó ní ibi tó kọjú sí, yálà ẹnì kan gbé kọ́ńpáàsì wá tàbí kò gbé e wá. Pápá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ́ ohun tó wà níbi gbogbo, tó ní ìwọ̀n tirẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, tí ìwọ̀n náà sì lè yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ Faraday lẹ́sẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1865, ó fi hàn pé pápá iná àti pápá òòfà so mọ́ra wọn. Bí ọ̀kan bá mì, èkejì á mì, ìgbì náà á sì máa rìn lọ fúnra rẹ̀. Maxwell ṣírò bó ṣe máa yára tó, iye tó sì rí ni iye tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀, nǹkan bí 300,000 kílómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pápá tó ń mì ni ìmọ́lẹ̀ nígbà náà. Heinrich Hertz ní Jámánì fi ẹ̀rọ mú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ jáde ní nǹkan bí 1887, ibẹ̀ ni rédíò ti wá. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ìgbì pápá yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé àwòrán wọ inú ilé àwọn ènìyàn.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ kí á mú kúrò lọ́nà, nítorí ó gbilẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ègé kíún tó wà nínú bàbà àti nínú ohun gbogbo, ló ń gbéra ní Ẹgbin, tó ń sáré gba inú wáyà títí tó fi dé inú gílóòbù. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tó wà nínú wáyà ilé kan ní Ìkòròdú kò ti Ẹgbin wá, kò sì ní dé Ẹgbin láé. Ojú kan ló wà tó ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà nínú tiránsífọ́mà àdúgbò, wáyà tó ń ti òkè bọ̀ kò so mọ́ èyí tó wọ ilé. Pápá ló ru agbára náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Títí di ibí, kò tíì sí kúọ́ńtọ̀mù nínú ọ̀rọ̀ náà. Max Planck ló mú un wọlé ní 1900, Albert Einstein sì tì í síwájú ní 1905. Ohun tí wọ́n sọ ni pé agbára inú ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́ títí láé. Ìṣù ìṣù ló ń wá, ìṣù kan rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní fótọ́ọ̀nù. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí òrùlé gbogbo ilé tó bá ti ní pánẹ́ẹ̀lì sólà. Fótọ́ọ̀nù kan á wọlé, á tú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀. Fótọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò bá tó, kò ní lè tú nǹkan kan sílẹ̀, bí irú rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ènìyàn lè to áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ gbígbóná mẹ́wàá síwájú pánẹ́ẹ̀lì lóru, kò ní mú iná jáde. Ooru wọn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fótọ́ọ̀nù ooru náà kò lágbára tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kùtùkùtù, tí kò tíì ta ẹnikẹ́ni lára, á ṣe ohun tí wọn kò lè ṣe.

Ní 1927, Paul Dirac, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, fi òfin kúọ́ńtọ̀mù de pápá iná àti òòfà lódindi. Fótọ́ọ̀nù jáde wá nínú ìṣirò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́. Ní ọdún kejì, Pascual Jordan àti Eugene Wigner ṣe irú rẹ̀ fún ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ìgbà yìí sì ni ayé yí padà lójú àwọn onímọ̀. Tẹ́lẹ̀, oríṣi nǹkan méjì ló wà: ìmọ́lẹ̀ jẹ́ pápá, ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù jẹ́ ègé kékeré. Láti ìgbà náà, oríṣi kan ṣoṣo ló kù. Pápá ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kan wà tó kún inú gbogbo àgbáńlá ayé, ibi tó bá sì ti ru sókè ní ìṣù kan ni ẹ̀rọ ti ń rí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kan.

Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà lè fi ojú inú rí i. Ìgbì tó ń lu èbúté Ìjẹ̀dẹ́ àti èyí tó ń lu Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ẹrù méjì tí ẹnì kan gbé síbẹ̀. Omi ló ń ru níhìn-ín, omi ló ń ru lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó lè ká ìgbì kúrò lójú omi kó gbé e relé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ṣe rí sí pápá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa àfiwé yìí kọjá ibi tó dé o: ọ̀sà ní etí, ó ní ìsàlẹ̀, pápá kò ní, ìgbì ọ̀sà sì lè kéré bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ti pápá ní ìṣù tí kò lè dín kù mọ́.

Èyí ló dáhùn ìbéèrè kan tí ọmọdé lè béèrè, tí àgbà kò sì rí ìdáhùn sí tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí gbogbo ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù fi rí bákan náà láìyọ ọ̀kan sílẹ̀? Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù inú bàbà Ẹgbin, ti inú ẹja ọ̀sà, ti inú ìràwọ̀ tó jìnnà jù lọ, ìwúwo kan náà ni wọ́n ní, iná kan náà ló wà lára wọn. Ìdí ni pé inú pápá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ru jáde.

Síbẹ̀, àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama ṣì ń ya átọ́mù, ègé tí wọ́n fi mọ ohun gbogbo, bí bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń yí bọ́ọ̀lù ńlá ká. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwòrán yẹn ti di ti àtijọ́, ó sì ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, tàbí ó kéré tán kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tí àwọn ará ìṣáájú rò ni.

Ohun tó bá jẹ́ rírú pápá lè bẹ̀rẹ̀, ó sì lè parí. Ìṣirò tí Dirac tẹ̀ jáde ní 1928 ló tọ́ka sí i pé ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí iná ara rẹ̀ lòdì sí tirẹ̀. Carl Anderson rí i ní Amẹ́ríkà ní 1932, wọ́n sì sọ ọ́ ní pósítírọ́ọ̀nù. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á parẹ́, agbára wọn á sì di fótọ́ọ̀nù. Ilé ìwòsàn ń fi èyí wá jẹjẹrẹ káàkiri ayé. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ irú ṣúgà kan tí wọ́n ti so ohun tó ń tú pósítírọ́ọ̀nù mọ́. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ a máa fa ṣúgà mu ju ẹran ara tó kù lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni oògùn náà máa kó jọ sí. Pósítírọ́ọ̀nù á pàdé ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù inú ara, fótọ́ọ̀nù méjì á fò jáde, ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí òdìkejì rẹ̀, ẹ̀rọ PET á sì gbà wọ́n, dókítà á wá mọ ibi tí àrùn náà fara pamọ́ sí.

Ó ṣe pàtàkì láti fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun mìíràn tó ń jà ràìn ní ìlú. Àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ kékeré kiri tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ kúọ́ńtọ̀mù. Wọ́n á ní kí ènìyàn di irin mú fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ náà á sì tẹ orúkọ àrùn jáde láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, oògùn tí wọ́n fẹ́ tà á sì tẹ̀ lé e. Kò sí ohunkóhun nínú tíọ́rì kúọ́ńtọ̀mù tó ti ìyẹn lẹ́yìn. Owó àti ẹ̀mí aláìsàn ni wọ́n fi ń ṣeré. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé ìwòsàn tó ní dókítà gidi ni kó lọ.

Tíọ́rì náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní kékeré. Pápá kì í dúró jẹ́ẹ́. Níbi tí kò tilẹ̀ sí ègé kankan, ó ṣì ń gbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1930, bí àwọn onímọ̀ bá gbìyànjú láti ṣírò ipa tí gbígbọ̀n yìí ń ní lórí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, àìlópin ni ìdáhùn tó ń jáde, àìlópin kò sì ṣeé wọ̀n. Àwọn kan ti fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù. Ní 1947 ni Willis Lamb àti Robert Retherford fi ẹ̀rọ wọ̀n átọ́mù háídírójìn ní New York, tí wọ́n sì rí i pé agbára rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tí ìṣirò àtijọ́ fi sí. Gbígbọ̀n pápá tí àwọn kan ti ń rò pé orí ìwé nìkan ló wà ti ti ohun tó ṣeé wọ̀n kúrò láyè rẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́ta ló rí ọ̀nà àbáyọ, kálukú láyè tirẹ̀: Julian Schwinger àti Richard Feynman ní Amẹ́ríkà, Sin-Itiro Tomonaga ní Jàpáàn, tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ogun ti gé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwúwo àti iná ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ wọ̀n ni wọ́n fi sínú ìṣirò, wọ́n sì tò ó débi tí àwọn àìlópin fi pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1965 jẹ́ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èso iṣẹ́ wọn nìyí. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kíún. Ìṣirò Dirac sọ pé agbára òòfà rẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún un, jẹ́ 1 gééré. Ní 1948, Schwinger ṣírò pé gbígbọ̀n pápá máa fi nǹkan bí 0.00116 lé e. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń bá ìṣirò náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn sì ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, ni 1.00115965218059. Ó yẹ kí ènìyàn ka nọ́ńbà yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìṣirò àti ẹ̀rọ fẹnu kò lé e lórí títí dé nǹkan bí ẹyọ kejìlá lẹ́yìn àmì ìdá. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ pápá jẹ́ àbá lásán, nọ́ńbà yìí ni kó kọ́kọ́ dá lóhùn.

Lónìí, bí wọ́n ṣe ń kà á nínú ìwé, pápá 17 ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tíì rí ti wá. Èyí tí wọ́n rí gbẹ̀yìn ni pápá Higgs, tí Peter Higgs àti àwọn mìíràn ti sọ tẹ́lẹ̀ láti 1964. Àwọn pápá yòókù ń wálẹ̀ sí òdo níbi tí kò bá sí nǹkan. Higgs kì í wá sí òdo níbikíbi. Òun ló fún ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù ní ìwúwo, bí kò bá sì sí i, átọ́mù kò lè dúró. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2012, CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, kéde ní Geneva pé àwọn ti rí ìṣù rẹ̀ nínú ẹ̀rọ oníkílómítà 27 tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Kétévi Assamagan, ọmọ Tógò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe kòkárí wíwá Higgs nínú ATLAS, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ní CERN. Wọ́n sábà máa ń sọ pé Higgs ló fún ohun gbogbo ní ìwúwo, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwúwo ara ènìyàn, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ti Higgs. Agbára àwọn pápá tó so àwọn ègé tí wọ́n ń pè ní kúákì pọ̀ ní àárín átọ́mù ló bí èyí tó kù.

Ibì kan ṣì wà tí tíọ́rì yìí kò tíì wọ̀. Agbára tó ń fa nǹkan wá sílẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi òfin kúọ́ńtọ̀mù de òun bí wọ́n ṣe de àwọn yòókù. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ kan ti jáde láti ọwọ́ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kútọnu. Joseph Ben Geloun gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀, ní Yunifásítì Abomey-Calavi, ní ibùdó físíìsì oníṣirò tí UNESCO fọwọ́ sí, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahouton Norbert Hounkonnou ti ṣe olórí rẹ̀. Ní 2013, òun àti Vincent Rivasseau, ọmọ ilẹ̀ Fáransé, tẹ irú tíọ́rì pápá kan jáde níbi tí àyè tí ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀ gan-an ti máa ń jáde láti ara ègé tó kéré jù ú lọ, wọ́n sì fi hàn pé àwọn àìlópin inú rẹ̀ ṣeé mú kúrò. Ẹni tó bá jáde kúrò ní Ìjẹ̀dẹ́ lówùúrọ̀, tó gba Sẹ̀mẹ̀, á dé Kútọnu kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀nà tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà dé etí òkun wa, ẹnì kan wà lára àwọn tó là á. Abdus Salam, ọmọ Pakistan, ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí tíọ́rì pápá kó tó padà sílé, ṣùgbọ́n nílé kò rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ó fi ilé sílẹ̀ ní 1954. Dípò kó gbàgbé àwọn tó wà nílé, ó dá ibùdó físíìsì ICTP sílẹ̀ ní Trieste, ní Itálì, ní 1964, kí àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà lè máa wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n sì padà sílé. Òun, Sheldon Glashow àti Steven Weinberg ló gba Nobel ọdún 1979, nítorí wọ́n fi hàn pé pápá iná àti òòfà jẹ́ ìbátan pápá mìíràn tó ń mú kí àwọn átọ́mù kan yí padà di irú mìíràn.

Ọmọ Ìkòròdú tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, ìṣirò ni kó kọ́kọ́ dì mú, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà á. Ilé ẹ̀kọ́ póli ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìkòròdú ti di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti 2022. Yunifásítì Èkó wà ní òdìkejì ọ̀sà ní Akọ́ka. Láti 2010, Assamagan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ilé ẹ̀kọ́ físíìsì Áfíríkà, tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Kumasi ní Ghana ló gbà á lálejò ní 2012. Ẹni tó bá sì ti gba oyè yunifásítì nínú físíìsì tàbí ìṣirò lè kọ̀wé sí ICTP fún díplómà ọdún kan, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tí wọ́n sì ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé àti oúnjẹ wọn. Kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí tó bá ka èyí sọ ọ́ fún wọn.